Bí Orúnkún Kan Bá Ń Wú Tí Kò Sì Lọ Sílẹ̀

    

Ọ̀rọ̀ ìlera ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gbuuru. Ọ̀rọ̀ àrùn kan tí ó ṣọ̀wọ́n ni, tí ó máa ń wà nínú oríkèé. Ẹnì kan lè bi wá pé, "Bí ó bá ṣọ̀wọ́n, kí la fẹ́ fi mímọ̀ rẹ̀ ṣe?" Ìbéèrè náà dára. Èsì wa nìyí: àrùn tí ó wọ́pọ̀, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n. Èyí tí ó ṣọ̀wọ́n ni a máa ń pè ní ohun tí kì í ṣe, tí a ó sì máa tọ́jú nǹkan mìíràn títí ọjọ́ yóò fi lọ. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí a ó kọ́ lónìí yóò wúlò fún gbogbo orúnkún tí ó bá wú, ìbáà jẹ́ àrùn yìí ni ó fà á, ìbáà jẹ́ òmíràn.

ÌYÁ ARÁNṢỌ

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo obìnrin kan, ẹni ọdún 34, tí ó ní ọmọ mẹ́ta. Aṣọ ni ó ń rán, máṣíìnì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni ó sì ń lò. Ìyá Aránṣọ ni a ó máa pè é. Ìyá Aránṣọ kò ṣubú, kò sì fi ẹsẹ̀ gbá nǹkan, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan ó rí i pé orúnkún òun ti ọ̀tún wú. Kò dùn ún púpọ̀. Ó ní, "Iṣẹ́ ló pọ̀ jù." Ó fi omi gbígbóná jó o, ó fi òróró pa á, wíwú náà sì lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó tún dé.

Báyìí ni ó ń lọ, tí ó sì ń bọ̀. Nígbà tí ó di ọdún kejì, kò lọ sílẹ̀ mọ́. Orúnkún náà gan, kò ṣe é ká dáadáa. Nígbà mìíràn tí ó bá fẹ́ dìde, yóò há, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn bá há tí kò ṣe é ṣí, kò ṣe é tì. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni ó wá ń fi tẹ máṣíìnì. Aṣọ ọdún kì í jáde lásìkò mọ́, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ wọn lọ sí ibòmíràn.

Èyí tí ó dùn ún jù ni ti ìkúnlẹ̀. Kò lè kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà ilé mọ́. Àwọn kan ní ó ti di agbéraga. Wọ́n ní, "Ìyàwó yìí ti rí owó, kò kà wá sí mọ́." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìrora ni kò jẹ́ kí ó kúnlẹ̀.

Olúkúlùkù sọ tirẹ̀ nípa ẹsẹ̀ náà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní làkúrègbé ni. Aládùúgbò kan ní wọ́n fi nǹkan ta á lọ́jà ni. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí orúnkún náà. Ẹni tí ń to eegun fà á, ó sì fi igi dì í. Ìyá Aránṣọ tún ń ra oògùn ìrora lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri, ó ń gbé e mì lójoojúmọ́, títí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣe: kò lọ sí ọsibítù. Kí ló dé? Ẹ̀rù ni. Ẹnì kan ti wí fún un pé, "Bí o bá débẹ̀, gígé ni wọn yóò gé e." Ọdún mẹ́ta gbáko ni gbólóhùn kan yìí fi dè é mọ́lẹ̀.

Irú Ìyá Aránṣọ yìí lè wà ní àdúgbò yín. Ó sì lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ awakọ̀ tàbí àgbẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni a fi wá sọ̀rọ̀.

BÍ ORÍKÈÉ ṢE RÍ

Gbogbo ẹni tí ó bá ti kun adìyẹ rí ti rí inú oríkèé. Bí ẹ bá ya itan adìyẹ kúrò lára ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ó rí orí egungun méjì tí ó pàdé. Ohun funfun kan bo orí egungun náà, ó ń dán, ó sì ń yọ̀. Ohun yìí ni kì í jẹ́ kí egungun ha egungun. Ẹ ó tún rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ó yí oríkèé náà ká bí àpò. Nínú àpò yìí ni omi díẹ̀ wà tí ó ń fà bí ẹyin funfun.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orúnkún ènìyàn rí. Iṣẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà ni láti máa ṣe omi tí ń mú kí oríkèé yọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi òróró sí máṣíìnì. Bí awọ náà bá ní àlàáfíà, a kì í mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Awọ yìí gan-an ni àrùn tí à ń wí ń bá jà.

KÍ NI ÀRÙN NÁÀ?

Orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é gùn. Ní 1941, dókítà mẹ́ta ní ìlú New York ní Amẹ́ríkà, Jaffe, Lichtenstein àti Sutro, kọ ìwé nípa rẹ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ kan: pigmented villonodular synovitis. PVNS ni a ń kọ fún ìkékúrú. Bí a bá tú orúkọ náà sí èdè wa, ohun tí ó ń sọ ni pé awọ inú oríkèé wú, ó pa àwọ̀ dà, ó hu bí irun, ó sì yọ kókó. Lónìí àwọn dókítà tún ń pè é ní tenosynovial giant cell tumour, tàbí TGCT. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú orúkọ méjèèjì lórí ìwé ọsibítù, ẹ mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Báwo ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀? Àwọn ẹyọ kéékèèké tí a kò lè fi ojú lásán rí ni ara wa fi dá. Sẹ́ẹ̀lì ni à ń pè wọ́n. Nínú àrùn yìí, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì awọ oríkèé ni ó ṣìwà hù. Wọ́n ń rán ìpè jáde láìdẹ́kun. CSF1 ni orúkọ ìpè náà. Ní 2006 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ rántí ọ̀wẹ̀ tí à ń bẹ̀ lóko. Bí ẹnì kan bá ń lu agogo pé kí gbogbo ìlú wá bá òun ṣiṣẹ́, tí kò sì sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Àwọn ènìyàn yóò rọ́ dé. Wọn yóò kún inú oko náà, wọn yóò tẹ ebè mọ́lẹ̀, wọn yóò tẹ iṣu mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń lu agogo kò ju ẹyọ kan lọ, àwọn tí ó wá ni ó pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kókó inú orúnkún yìí rí. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tí a pè wá. Wọ́n kún àpò oríkèé, awọ náà nípọn, ó hu bí irun àgbàdo, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Irin wà nínú ẹ̀jẹ̀. Irin inú ẹ̀jẹ̀ yìí ni ó ń kù sínú awọ náà tí ó fi ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí irin tí ó dógùn-ún.

Ọ̀nà méjì ni ó pín sí. Èkíní ni èyí tí ó jẹ́ kókó kan ṣoṣo ní ojú kan. Èkejì ni èyí tí ó tàn ká gbogbo awọ oríkèé. Èkejì yìí ni ó le jù láti tọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé èyí yé yín dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kìíní: àrùn yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í kúrò nínú oríkèé lọ sínú ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró. Ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí ó yí padà di jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n pé kì í pa ènìyàn kò wí pé kì í ba nǹkan jẹ́. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè jẹ orí egungun, ó sì lè sọ oríkèé di ohun tí kò wúlò mọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì: kì í ràn. Ẹ lè bá ẹni tí ó ní i jẹun, ẹ lè bá a sùn lórí ẹní kan náà.

Ọ̀rọ̀ kẹta: kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni ó fi ta ẹnikẹ́ni. Ẹ má ṣe torí rẹ̀ bá aládùúgbò jà.

ÀWỌN TÍ Ó Ń ṢE ÀTI ÀMÌ RẸ̀

Àwọn tí ó wà láàárín ọdún 20 sí 50 ni ó máa ń ṣe jù, àwọn tí agbára iṣẹ́ ṣì wà lára wọn. Ó ń mú ọkùnrin, ó ń mú obìnrin. Orúnkún ni ó máa ń bá jà jù, ṣùgbọ́n ó lè mú ìgbáròkó, ọrùn ẹsẹ̀, èjìká tàbí ìgúnpá. Nínú ìṣirò kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1980, nínú ènìyàn mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 2 ni ó ń ní irú èyí tí ó wà nínú oríkèé ńlá láàárín ọdún kan. Ẹ rí i pé ó ṣọ̀wọ́n lóòótọ́.

Àwọn àmì rẹ̀ nìyí:

1. Oríkèé kan ṣoṣo ni ó ń wú. Kì í sábà mú méjì.
2. Wíwú náà ń pẹ́. Ó lè máa lọ kí ó sì máa bọ̀ fún oṣù tàbí ọdún.
3. Ìrora lè má pọ̀ tó bí wíwú náà ti tó.
4. Oríkèé náà ń gan, ó lè há, ó sì lè yẹ̀ mọ́ ènìyàn nídìí.
5. Ara kì í gbóná bí ti ibà.

ÀWỌN ÀRÙN TÍ Ó JỌ Ọ́

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo orúnkún tí ó bá wú ni ó jẹ́ PVNS o. Ó kéré púpọ̀ nínú wọn. Dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá àwọn mìíràn tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa.

Ikọ́ fée, tí àwọn kan ń pè ní tíbì, kì í mọ sí àyà nìkan. Ó lè wọ inú oríkèé, kí orúnkún sì máa wú díẹ̀díẹ̀. Aláìsàn lè máa rù, kí ó sì máa làágùn lóru. Oògùn ń wo ìyẹn sàn, bí ó bá lò ó pé.

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń dun àwọn ọmọ wa ní egungun àti oríkèé.

Làkúrègbé àgbà máa ń sábà mú orúnkún méjèèjì, pàápàá ẹni tí ó bá ti ju ọdún 50 lọ.

Àwọn ọmọkùnrin kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tètè dì. Ẹ̀jẹ̀ máa ń dà sínú oríkèé wọn, wọn a sì wú.

Ọ̀kan wà tí kò gba ìdúró rárá. Bí oríkèé bá ṣàdédé wú, tí ó gbóná, tí ó ń dunni gan-an, tí ibà sì wà, ó lè jẹ́ pé ọyún ni ó ń kó jọ sínú rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Ọyún lè ba oríkèé jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

BÍ DÓKÍTÀ ṢE Ń WÁ A RÍ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ Ìyá Aránṣọ. Ọmọ rẹ̀ àkọ́bí ni ó bẹ̀ ẹ́ títí tí ó fi gbà láti lọ. Bí ó ti dé ibẹ̀, ó jókòó sí etí bẹ́ǹṣì, ó sì ń gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọdébìnrin, kúnlẹ̀ kí i.

Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá mi. Kí ló ń bà yín lẹ́rù?"

Ó dáhùn pé, "Wọ́n ní ẹ ó gé eékún mi."

Nọ́ọ̀sì ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, mà? A ò tíì mọ ohun tó ń ṣe yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ná."

Dókítà wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó máa ń lọ sílẹ̀? Ṣé ẹ ṣubú? Ṣé ẹ ń làágùn lóru? Ṣé ẹnì kan ní ikọ́ fée nílé? Ìyá Aránṣọ ní ìwé àjákọ kan tí ó fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà. Láti ìgbà tí ó ti mọ̀ ọ́n kọ ní kíláàsì àgbà ni ó ti ń kọ ọjọ́ tí orúnkún rẹ̀ bá wú sí ẹ̀yìn ìwé náà. Ó ṣí i, ó kà á fún dókítà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ṣé ẹ rí i? Ìwé kíkọ wọ inú ọ̀rọ̀ ìwòsàn. Ẹni tí ó kọ ọjọ́ sílẹ̀ ti ran dókítà rẹ̀ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́síréè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àrùn yìí, ẹ́síréè lè máà fi ohun kankan hàn ju wíwú lọ, nítorí pé egungun ni ẹ́síréè ń rí dáadáa, kì í rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má ṣe wí pé, "Wọ́n ní kò sí nǹkan," kí ẹ wá lọ sùn. Bí wíwú bá ṣì wà, ẹ padà lọ.

Wọ́n tún fi abẹ́rẹ́ fa omi jáde nínú orúnkún náà. Omi oríkèé tí ó dára a máa mọ́ gaara. Ti Ìyá Aránṣọ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí omi tí a fi fọ irin tí ó dógùn-ún. Wọ́n gbé omi náà lọ yẹ̀ wò, wọn kò rí kòkòrò ọyún, wọn kò rí ti ikọ́ fée. Ó di dandan kí wọ́n wá nǹkan mìíràn.

Ẹ̀rọ tí ó ń fi àrùn yìí hàn jù ni èyí tí à ń pè ní MRI. Agbára òòfà ni ó fi ń ya àwòrán, kò sì ń dun ènìyàn. A ti wí pé irin inú ẹ̀jẹ̀ ń kù sínú awọ náà. Irin yìí ń da òòfà láàmú, nítorí náà ibi tí àrùn wà yóò dúdú nínú àwòrán. Dókítà yóò rí ibi tí ó dé, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n bá ti fi irin sí lára rí gbọ́dọ̀ sọ kí ó tó wọ inú ẹ̀rọ náà.

Àwòrán yìí wọ́n owó. Kò sí ní gbogbo ọsibítù, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ni a ti ń rí i. Owó èésú tí Ìyá Aránṣọ fẹ́ fi ra máṣíìnì tuntun ni ó kó sí i. Ó sunkún ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ sọ fún un pé, "Máṣíìnì tuntun kò wúlò fún ẹni tí kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi tẹ̀ ẹ́."

Ohun tí ó ń parí iyàn ni kí wọ́n bu díẹ̀ lára awọ náà, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọn sẹ́ẹ̀lì ńláńlá àti àwọ̀ irin náà. Wọ́n wá mọ̀ dájú pé PVNS ni, irú èyí tí ó tàn ká.

ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Iṣẹ́ abẹ ni olórí ìtọ́jú. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ni wọn ń gé o! Awọ tí ó bàjẹ́ ni wọn ń yọ kúrò nínú oríkèé, ẹsẹ̀ sì wà níbẹ̀. Wọ́n lè lu ihò kéékèèké, kí wọ́n ti ẹ̀rọ tín-ín-rín tí ó ní iná àti ojú bọ inú rẹ̀. Wọ́n sì lè la orúnkún náà. Nígbà mìíràn wọn yóò lo ọ̀nà méjèèjì, pàápàá bí àrùn bá wà níwájú àti lẹ́yìn.

Bí ó bá jẹ́ kókó kan ṣoṣo, tí wọ́n bá ti yọ ọ́, kì í sábà padà mọ́. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ó tàn ká, a kò ní tàn yín, ó lè padà. Nínú ìwádìí ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní 2019, tí ó kó aláìsàn tí ó ju 900 jọ láti ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, àrùn náà padà sí ara nǹkan bí ènìyàn 4 nínú 10. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń wí pé kí aláìsàn máa padà wá fún àyẹ̀wò, bí kò tilẹ̀ dùn ún mọ́. Àwọn ilé ìwòsàn kan a tún máa lo ìtànṣán lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń ro ó dáadáa kí wọ́n tó lò ó fún ọ̀dọ́.

Oògùn gbígbémì náà ti wà fún àwọn tí iṣẹ́ abẹ kò lè ràn lọ́wọ́. Ẹ rántí ẹni tí ń lu agogo lóko. Oògùn wọ̀nyí ń di etí àwọn tí à ń pè, kí wọ́n má gbọ́ ìpè náà mọ́. Ní 2019, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èkíní, pexidartinib. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ènìyàn 120, kókó náà dín kù gidigidi lára nǹkan bí 4 nínú 10 àwọn tí ó lò ó, kò sì rí bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó gbé oògùn àfidípò lásán mì. Ṣùgbọ́n ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, nítorí náà a gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ń lò ó wò. Ní 2025 wọ́n tún fọwọ́ sí òmíràn, vimseltinib. Oògùn wọ̀nyí kì í ṣe ohun tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri ọjà. Dókítà tí ó mọ àrùn náà nìkan ni ó lè sọ ẹni tí yóò lò ó.

Bí àrùn bá ti jẹ orí egungun tán, wọ́n lè fi oríkèé irin àti ike rọ́pò rẹ̀. Kí ó má bàa dé ibẹ̀ ni ó ṣe yẹ kí a tètè lọ.

LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Ìyá Aránṣọ. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Òṣìṣẹ́ kan ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa ká ẹsẹ̀ rẹ̀, tí yóò sì máa nà án. Ó ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é. Ẹni tí ó bá gbé ẹsẹ̀ sójú kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, oríkèé rẹ̀ yóò gan.

Ó ti padà sídìí máṣíìnì báyìí. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni ó fi ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n orúnkún náà kò ká tán bí ti àtijọ́, nítorí pé láàárín ọdún mẹ́ta tí ẹ̀rù fi dá a dúró, àrùn náà ti jẹ orí egungun rẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn kò ní padà mọ́. Ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rìn wọ ilé ìyá ọkọ rẹ̀, ó gbìyànjú láti kúnlẹ̀, kò lè ṣe é. Ìyá ọkọ rẹ̀ dì í mú, ó ní, "Má kúnlẹ̀ mọ́, ìyàwó mi. Ẹnu rẹ ti kí mi tó. Àwa ni kò mọ̀."

OHUN TÍ A BẸ̀ YÍN

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ jẹ́ kí a kó ọ̀rọ̀ wa jọ.

Bí oríkèé kan bá wú, tí ó ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí kò lọ sílẹ̀, tàbí tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, ẹ gbé e lọ fún dókítà. Ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, wọn yóò kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. A ní Ilé Ìwòsàn Egungun ní Ìgbóbì ní Èkó, tí ó ti wà láti 1945, a sì ní UCH ní Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1957.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí oríkèé tí ó wú. Abẹ tí kò mọ́ lè gbé ọyún wọ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fà á tàbí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà tí a kò tíì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. A kò bu àwọn tí ń to eegun kù, ṣùgbọ́n eegun tí kò ṣẹ́ kò ní ohun tí a ó tò. Ẹ má ṣe máa gbé oògùn ìrora mì lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà ní kí ẹ lò ó. Ó lè dá egbò sí inú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo àwòrán àti ìwé ọsibítù sínú àpò kan. Ẹ ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì yín pé kí ẹ padà wá, kí ẹ sì padà.

Èyí tí ó kẹ́yìn: bí ẹ bá rí ẹni tí kò lè kúnlẹ̀, ẹ má ṣe yára pè é ní agbéraga. Ẹ bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe é. Bí ẹ kò bá sì mọ ohun tí dókítà yóò ṣe, ẹ má ṣe sọ fún aláìsàn pé wọn yóò gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó gba ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ Ìyá Aránṣọ.

 

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni iṣẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó wà nínú oríkèé?
2. Kí ló dé tí Ìyá Aránṣọ kò tètè lọ sí ọsibítù?
3. Irú wíwú oríkèé wo ni kò gbọdọ̀ di ọjọ́ kejì kí a tó gbé e lọ fún dókítà?
4. Kí ló dé tí ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ṣì gbọ́dọ̀ máa padà lọ fún àyẹ̀wò?
5. Kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ohun tí ìwọ yóò sọ fún aládùúgbò rẹ tí orúnkún rẹ̀ ń wú.